Àṣírí Mọ́mì Mi Tí Mo Sọ ní Mẹ́kà

Olùkọ́ wa ní kí á kọ nípa ibi tí a lọ nígbà ìsinmi. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín máa kọ nípa etí òkun tàbí ilé ìyá àgbà. Èmi náà lọ sí ibi tó jìnnà. Mo lọ sí Jẹ́dà àti Mẹ́kà ní orílẹ̀-èdè Sáúdí Arébíà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an ni bí mo ṣe tú àṣírí Mọ́mì mi síta níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn. Mọ́mì ti ka gbogbo ohun tí mo kọ yìí, wọ́n sì ní kí n fi ránṣẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n yọ, mo sì ti yọ ọ́.

Mọ́mì mi ní àìsàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá rí wọn, ẹ ò lè mọ̀. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n máa ń wé gèlè, àwọn ló sì máa ń se ìrẹsì tí a bá ń ṣe àríyá ìparí ọdún níbí. Àìsàn àkọ́kọ́ wà ní ọrùn, níbi tí ohun tí wọ́n ń pè ní thyroid wà. Ibẹ̀ náà ni gẹ̀gẹ̀ ti máa ń yọ. Àìsàn kejì wà lórí kíndìnrín. Gbogbo wa la ní ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín wa bíi fìlà. Adrenal ni wọ́n ń pè é. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kíndìnrín ń dé fìlà!

Iṣẹ́ àwọn ẹ̀yà ara yìí ni kí wọ́n máa ṣe họ́mónù. Họ́mónù dà bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Ó máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ jíṣẹ́ káàkiri ara. Èyí tí thyroid ń ṣe ló ń sọ fún ara bóyá kó yára ṣiṣẹ́ tàbí kó rọra. Adrenal ń ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ cortisol. Òun ló ń ràn wá lọ́wọ́ tí wàhálà bá dé bá ara, bí ibà, ọgbẹ́ tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Ó tún ń ṣe òmíràn tó ń jẹ́ aldosterone, tó ń sọ fún kíndìnrín pé kó má da gbogbo iyọ̀ ara nù sínú ìtọ̀.

Kí ló wá ba méjèèjì jẹ́ nínú ara Mọ́mì? Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Wọ́n ní, "Ṣé o rántí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé bàbá àgbà ẹ ní Ìbàdàn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lé olè. Tó bá wá di òru ọjọ́ kan, tó dìde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í na onílé ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín gan-an. Mọ́mì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ara mi nìyẹn."

Gbogbo ara ló ní ọlọ́dẹ tó ń bá kòkòrò àìsàn jà. Ti Mọ́mì ṣi èèyàn mú. Ó na thyroid, ó sì tún na adrenal. Kì í ṣe àìsàn tó ń ràn. Kì í ṣe nítorí ohun tí wọ́n jẹ. Kì í sì í ṣe pé ẹnì kan jókòó síbì kan tó ń ṣe wọ́n.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń rẹ Mọ́mì ṣáá. Wọ́n rù, òtútù ń mú wọn nínú ilé, tí wọ́n bá sì dìde lójijì, òòyì á kọ́ wọn. Wọ́n tún ń dúdú sí i. Oríkèé ìka wọn dúdú, ìlà àtẹ́lẹwọ́ wọn dúdú, èrìgì wọn náà dúdú. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Oòrùn wo lẹ rí yá ní London níbí?" Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni iyọ̀. Mo máa ń rí Mọ́mì nínú kíṣíìnì, wọ́n á da iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á máa lá a bí ẹni ń lá ṣúgà. Mo rò pé eré ni. Mi ò mọ̀ pé ara wọn ló ń bẹ̀bẹ̀ fún iyọ̀.

Dókítà kan yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó rí i pé thyroid wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì fún wọn ní oògùn rẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n nílò oògùn yẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ nípa adrenal. Dípò kí ara wọn yá, ṣe ló tún burú sí i. Ìgbà tí mo dàgbà díẹ̀ ni wọ́n ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi. Oògùn thyroid ń mú kí ara yára, ara tó bá sì ń yára ń tètè ná cortisol. Cortisol Mọ́mì ti fẹ́ tán. Ó wá dà bí ìgbà tí awakọ̀ ń tẹ iná mọ́ ọkọ̀ tí epo rẹ̀ ti ń tán. Ní òru ọjọ́ kan, áńbúláǹsì ló gbé wọn lọ. Ọsibítù yẹn ni wọ́n ti rí àìsàn méjèèjì pa pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ní òfin kan: tí ẹni kan bá ní méjèèjì, cortisol ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún un, kí ti thyroid tó tẹ̀ lé e.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo lọ ka ìwé nípa rẹ̀ ní láíbìrì. Dókítà tó kọ́kọ́ ṣàlàyé àìsàn adrenal yìí ni Thomas Addison, ní ọdún 1855. Guy's Hospital ló ti ṣiṣẹ́, nítòsí London Bridge, ibi tí bọ́ọ̀sì wa máa ń gbà kọjá! Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àìsàn náà títí dòní. Dókítà ará Japan kan, Hakaru Hashimoto, kọ nípa ti thyroid ní 1912. Ní 1926, dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Schmidt kọ nípa àwọn aláìsàn méjì tí thyroid àti adrenal wọn bàjẹ́ pa pọ̀. Àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn ti kú kó tó yẹ ara wọn wò. Kò sí oògùn nígbà náà. Ìparí àwọn ọdún 1940 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi cortisone wo èèyàn. Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo pa ìwé náà dé, mo sì lọ dì mọ́ Mọ́mì. Wọ́n ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?" Mo ní kò sí nǹkan.

Mo tún kà nípa John F. Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà. London níbí ni wọ́n ti rí i ní 1947 pé ó ní àìsàn Addison. Thyroid rẹ̀ náà kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Nígbà tó ń du ipò ààrẹ ní 1960, àwọn èèyàn rẹ̀ sọ pé kò ní àìsàn Addison. Wọ́n fi pa mọ́. Ní 2009, dókítà kan tó ti ka àwọn ìwé ìlera rẹ̀ kọ ọ́ pé irú èyí tí Mọ́mì mi ní, tí ọlọ́dẹ ara fi ń na ju ibì kan lọ, ló jọ pé ó ní. Mo sọ fún Mọ́mì pé àwọn àti ààrẹ Amẹ́ríkà jọ ní àìsàn kan náà. Wọ́n ní, "Ó dáa, níbo ni White House tèmi wà?"

Mọ́mì náà ń fi tiwọn pa mọ́. Èmi, Dádì àti àbúrò mi nìkan la mọ̀. Wọ́n ní tí àwọn èèyàn bá gbọ́, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe wọ́n, tàbí kí wọ́n máa wò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ kú. Wọ́n máa ń sọ fún mi pé, "Ọ̀rọ̀ inú ilé, inú ilé ló ń gbé." Mo sì gbà.

Dádì ti ń fẹ́ mú wa lọ sí Mẹ́kà tipẹ́. Dókítà Mọ́mì kò ní kí wọ́n má lọ. Ó kàn ní kí wọ́n má lọ ní àkókò tí ooru le jù. Bóyá ẹ rántí Háájì oṣù kẹfà ọdún 2024. Ooru Mẹ́kà ju ìwọ̀n 51 Celsius lọ, ìjọba Sáúdí sì sọ pé èèyàn 1,301 ló kú. Iyọ̀ máa ń bá òógùn jáde, ẹni tí ara rẹ̀ kò lè di iyọ̀ mú kò gbọdọ̀ fi irú ooru bẹ́ẹ̀ ṣeré. Dádì wá ní Úmúrà la máa ṣe, nígbà ìsinmi oṣù kẹwàá.

Ẹ wá wo bí a ṣe di ẹrù! Oògùn Mọ́mì jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí wọ́n nílò. Ìdajì wà nínú báàgì Mọ́mì, ìdajì wà nínú ti Dádì, torí tí ọ̀kan bá sọnù. Lẹ́tà dókítà wà níbẹ̀, àti káàdì pàjáwìrì tí NHS ń fún àwọn tó ń lo irú oògùn yìí. Àpò pupa kékeré kan sì wà nínú báàgì Dádì. Abẹ́rẹ́ hydrocortisone ló wà nínú rẹ̀. Hydrocortisone ni oògùn tó ń dúró fún cortisol.

Mọ́mì kọ́ mi ní òfin mẹ́ta, mo sì kọ́ ọ sórí bíi tábù tí a ń kà ní kíláàsì. Èkíní: wọn ò gbọdọ̀ fo oògùn, kódà ọjọ́ kan. Èkejì: tí ibà bá ń ṣe wọ́n, wọ́n á lo ìlọ́po méjì. Ẹ̀kẹta: tí wọ́n bá bì tí oògùn kò dúró nínú, ẹ fún wọn ní abẹ́rẹ́, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ẹ má dúró wò ó.

Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú wa ń sún mọ́ Jẹ́dà, wọ́n kéde pé a ti fẹ́ dé ibi tí oníúmúrà ti ń dá àníyàn. Dádì ti wọ aṣọ funfun méjì tí wọ́n ń pè ní ihram. Ẹ̀gbọ́n Dádì obìnrin ló wá pàdé wa. Àǹtí Jẹ́dà là ń pè wọ́n. Wọ́n ti ń gbé níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n dì mọ́ mi débi pé mi ò lè mí. Ilé wọn ń rùn fún ata díndín, bíi pé a wà ní Ìbàdàn. A sùn síbẹ̀, Dádì wà nínú aṣọ funfun wọn.

Ní àárọ̀, Àǹtí rí Mọ́mì tí wọ́n ń ka oògùn sí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, kí ni gbogbo èyí?"

Mọ́mì ní, "Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni, Àǹtí."

Àǹtí ní, "Ọmọdé bíi tìẹ! Tó o bá ti mu omi Zamzam ní Mẹ́kà lónìí, ṣe lo máa da gbogbo ìyẹn nù."

Mọ́mì kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ẹ ṣé, Àǹtí." Èmi ń wo àwo ẹ̀kọ mi. Mi ò tíì gbọ́ kí Mọ́mì purọ́ rí.

Àǹtí bá wa lọ sí Mẹ́kà. Ọkọ̀ ojú irin Haramain la wọ̀. Ọdún 2018 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì lè sáré tó 300 kìlómítà ní wákàtí kan. Àpáta àti yanrìn ni mo ń rí lójú fèrèsé, kò pẹ́ tí a fi dé. A ra ìrẹsì àti adìyẹ, a jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì, gbogbo wa sì sinmi. A fẹ́ dúró kí oòrùn rọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ tí Mọ́mì ń bì ní balùwẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n lo oògùn ìrọ̀lẹ́ wọn. Wọ́n jáde, wọ́n nu ẹnu, wọ́n rí mi. Wọ́n ní, "Má sọ fún Dádì ẹ. Ọ̀nà jíjìn la ti wá. Mi ò fẹ́ ba ọjọ́ yìí jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́."

Mo mọ òfin kẹta. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ló ní kí n má sọ, wọ́n sì ti kọ́ mi pé ọmọ kì í kọ ọ̀rọ̀ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Mo dákẹ́.

A lọ sí mọ́sáláṣí ńlá náà lóru. Mo ti rí Káábà nínú àwòrán, mo rò pé ó kéré. Kò kéré rárá. Iná funfun tàn bí ọ̀sán, ilẹ̀ mábù náà tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. A yí Káábà po nígbà méje, àwọn èèyàn ń gbàdúrà ní oríṣiríṣi èdè, mo sì gbọ́ ẹnì kan tó ń gbàdúrà ní Yorùbá lẹ́yìn wa. Mo di ọwọ́ Mọ́mì mú. Gbogbo èèyàn ń làágùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn tutù bíi yìnyín. Mo wo ojú wọn. Wọ́n ní, "Mo wà dáadáa."

Lẹ́yìn ìyẹn, a lọ rìn láàárín Safa àti Marwa. Òkè kékeré méjì ni, wọ́n ti kọ́ ilé lé e lórí báyìí. Láti ọ̀kan dé èkejì tó nǹkan bí 450 mítà, ìgbà méje la sì máa rìn ín, ó ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Ìtàn Hájárà ni wọ́n fi ń rántí níbẹ̀. Ó ń sáré síwá sẹ́yìn, ó ń wá omi fún ọmọ rẹ̀, Ìsmáílà, nínú aṣálẹ̀. Ní ibì kan, wọ́n tan iná aláwọ̀ ewé sókè. Tí àwọn ọkùnrin bá débẹ̀, wọ́n á sáré díẹ̀. Àwọn obìnrin kì í sáré.

Nígbà kẹrin, Dádì àti àbúrò mi sáré lábẹ́ iná yẹn, wọ́n sì fi wá sílẹ̀ sẹ́yìn. Mọ́mì dúró. Wọ́n fọwọ́ ti ògiri. Wọ́n wò mí, wọ́n sì pè mí ní orúkọ àbúrò wọn tó wà ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́, wọ́n jókòó sílẹ̀. Ètè wọn gbẹ, òógùn tútù bò wọ́n.

Àǹtí ní, "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Ẹ fún un ní Zamzam."

Mo lérò pé ẹnu mi kò ní lè là. Ṣùgbọ́n mo pariwo. Mo ní, "Kì í ṣe pé ó rẹ̀ wọ́n! Mọ́mì ní àìsàn Addison! Wọ́n ti bì, oògùn wọn ti jáde, wọ́n nílò abẹ́rẹ́ báyìí!" Àwọn èèyàn ń yíjú wò wá. Àǹtí ń wò mí bíi pé mo ń sọ èdè Ṣáínà. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di wọ́n mú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dìde." Mo wá sáré. Wọ́n ní obìnrin kì í sáré níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo sáré lábẹ́ iná aláwọ̀ ewé yẹn, mò ń pe Dádì, mò ń wá aṣọ funfun láàárín ẹgbẹ̀rún aṣọ funfun. Orí àbúrò mi ni mo rí, torí ó wọ fìlà Arsenal.

Dádì sáré padà. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń ṣí àpò pupa náà. Wọ́n ní, "Kà á fún mi." Ìwé ìlànà kékeré wà nínú rẹ̀. Mo kà á sókè: ṣẹ́ ọrùn ìgò náà, fa gbogbo oògùn inú rẹ̀ jáde, 100 miligíráàmù, gún un sí ẹ̀gbẹ́ itan. Tí kò bá sí àyè, ó lè gba orí aṣọ wọlé. Àǹtí Jẹ́dà ti mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe báyìí. Wọ́n tú ìborùn ńlá wọn, wọ́n pe àwọn obìnrin mẹ́ta tí a ò mọ̀ rí, wọ́n sì fi aṣọ ṣe ògiri yí Mọ́mì ká kí ẹnikẹ́ni má bàa rí itan wọn. Dádì gún abẹ́rẹ́ náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ mọ́sáláṣí gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn wá, wọ́n sì gbé Mọ́mì lọ sí ibi ìtọ́jú. Dádì fi lẹ́tà àti káàdì han dókítà. Wọ́n fa omi iyọ̀ sí wọn lára, wọ́n tún fún wọn ní hydrocortisone sí i, wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Dókítà náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó béèrè pé, "Ta ló sọ pé kí ẹ kọ́kọ́ fún un ní abẹ́rẹ́ kí ẹ tó gbé e wá?" Dádì nawọ́ sí mi. Dókítà náà kàn mi orí, ó ní, "Ó dáa."

Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Mo jókòó sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀, mo sì sunkún. Mo sọ fún Dádì pé mo mọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ pé Mọ́mì bì, mi ò sì sọ. Dádì ò bínú sí mi. Wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi. A gbé ẹrù àgbà lé ọmọdé lórí." Nígbà tó fẹ́ mọ́, Mọ́mì lajú, wọ́n pe orúkọ mi gangan. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni, "Má bínú, ọmọ mi." Mi ò mọ̀ pé òbí lè bẹ ọmọ.

Àǹtí Jẹ́dà ni wọ́n bínú díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, èmi tí mo ní kó o da oògùn nù! Ká ní o gbọ́ tèmi ńkọ́? Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Mọ́mì wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí ọlọ́dẹ dé orí iyọ̀. Àǹtí gbọ́ ọ dé òpin. Wọ́n ní, "Ṣé iyọ̀ ló kù? Iyọ̀ tí mo lè fi sọ́bẹ̀!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kẹta, Mọ́mì ṣe Safa àti Marwa wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Dádì ti béèrè lọ́wọ́ àlùfáà kan, ó ní ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lè jókòó ṣe é, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Dádì ló ń ti kẹ̀kẹ́ náà. Nígbà tí a parí, Àǹtí bu omi Zamzam sínú kọ́ọ̀pù, wọ́n gbé e fún Mọ́mì. Wọ́n na ọwọ́ kejì, oògùn Mọ́mì ló wà níbẹ̀. Mọ́mì fi Zamzam gbé oògùn mì. Nínú gbogbo ohun tí mo rí ní Mẹ́kà, èyí ni mo máa ń rántí jù lẹ́yìn Káábà.

Nígbà tí a padà dé London, mo béèrè lọ́wọ́ dókítà Mọ́mì bóyá èmi náà máa ní i. Mo ti ń ro ó láti Mẹ́kà, mo máa ń wo èrìgì mi nínú díńgí. Ó dá mi lóhùn bí àgbà. Ó ní irú àìsàn yìí lè máa rìn nínú ẹbí, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé ọmọ máa ní i, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ní i. Ó ní tí ó bá ń rẹ̀ mí láìnídìí, tí mo bá ń rù, tí òùngbẹ sì ń gbẹ mí ṣáá, kí n sọ. Mo ní màá sọ. Mi ò wo díńgí tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ní àìsàn tí ẹ ń fi pa mọ́, ẹ wá àgbàlagbà kan tí ẹ lè sọ ọ́ fún, kó má jẹ́ ọmọ nìkan ló mọ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bọ̀wọ̀ fún òbí yín, ṣùgbọ́n tí àṣírí bá lè pa èèyàn, ẹ tú u. Olùkọ́ wa kọ́ wa ní òwe kan ní táàmù tó kọjá, mo kàn kọ ọ́ sínú ìwé mi ni, mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà: bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá a dákẹ́. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Àǹtí Jẹ́dà ń pè wá lálaalẹ́. Kì í ṣe "báwo ni" ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ mọ́. Wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, ṣé o ti lo oògùn?"